Ààwẹ̀ Tó Fúyẹ́ Nínú Ikùn

Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá inú ìjọ Kátólíìkì wa sọ ní Àbújá, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 2025. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya kò jẹ́ kí wọ́n bá wa níbẹ̀.

Ìyìn ni fún Jésù! Ẹ ṣeun. Fádà, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá CWO, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kátólíìkì, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sá lọ jókòó sábẹ́ fáàànù lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ooru, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ má gbàgbé Póòpù Francis nínú àdúrà yín lónìí. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Róòmù.

Wọ́n ní kí n fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Ogójì ọjọ́, ogójì ìṣẹ́jú: alága wa fẹ́ràn kí nǹkan bára mu. Mi ò ní lò ó tán, nítorí àwọn akọrin ń dúró de gbọ̀ngàn yìí ní aago méje, mo sì ti rí ọ̀gá wọn tó ń wo aago lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Ọjọ́rú Eérú tó kọjá yìí, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, tí Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi eérú kùn wá níwájú orí, mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí n lè bá Mísà àárọ̀. Mo rò pé èmi nìkan ló máa wà lójú nínú agboolé wa. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá mẹ́gáàdì wa lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu kúnnú, ó ń fi àkàrà alẹ́ àná tì í. Ọmọ Katsina ni, kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Sààrì ló ń jẹ. Ààwẹ̀ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, tiwa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó ṣí géètì fún mi, mo lọ.

Nígbà tí mo padà dé, eérú ti wà níwájú orí mi. Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Baba, azuminku ma ya fara?" Ṣé ààwẹ̀ tiyín náà ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ mélòó? Mo ní ogójì. Ó ya ẹnu. Ogójì, nígbà tí tiwọn kì í ju ọgbọ̀n lọ! Ó wá bi mí bóyá a máa ń mu omi lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi kò tètè là. Mo ní a máa ń mu omi. Oúnjẹ ńkọ́? Mo ní a máa ń jẹun: ẹ̀ẹ̀kan àjẹyó, àti ẹ̀ẹ̀mejì tí kò tó nǹkan. Ìyẹn fún òní o. Tó bá di ọ̀la, oníkálukú lè jẹ bó ṣe wù ú.

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó kàn ní, "To, Allah ya karɓa," kí Ọlọ́run gbà á. Ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ, mo wọlé lọ mu tíì.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Àbújá níbí, àti ní gbogbo ilẹ̀ Òkè Ọya, a kò lè fi ààwẹ̀ wa ṣe fọ́ńté níwájú aládùúgbò wa, torí aládùúgbò wa mọ ohun tí ààwẹ̀ ń jẹ́. Ìdajì àwa Yorùbá tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó jẹ́ Alhaji. Ààwẹ̀ wa fúyẹ́ nínú ikùn. Mi ò ní kí ojú tì yín nítorí rẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé, bí kò bá wúwo nínú ikùn, ibo ló ti wúwo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òfin bó ṣe rí, nítorí àwọn kan nínú wa ń fi òfin Ràmádáànì gbààwẹ̀ Kátólíìkì, àwọn mìíràn sì lọ yá ààwẹ̀ orí òkè, ọjọ́ mẹ́ta láìfi ẹnu kan omi, tí wọ́n á wá dákú sídìí pẹpẹ. Ìwé Òfin Ìjọ tí a ń lò láti 1983 sọ pé ọjọ́ méjì péré ni ààwẹ̀ jẹ́ dandan, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 18, nígbà tí èèyàn bá sì pé ọdún 59, ó bọ́ nínú rẹ̀. Àìjẹran ọjọ́ Ẹtì yàtọ̀: láti ọmọ ọdún 14 ló ti ń múni, kò sì sọ ìgbà tó máa parí. Arúgbó ọgọ́rin ọdún kò lè torí ewú jẹ súyà lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ǹtì. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti di ẹni ọdún 63. Mo sọ fún ìyàwó mi pé òfin ti tú mi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní òfin ló tú mi sílẹ̀, òun tó ń gbọ́únjẹ kò tíì tú mi sílẹ̀.

Ẹ tún ka ọjọ́ náà wò. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹta di Àbámẹ́ta Mímọ́, ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 46 ni. Ẹ yọ Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà kúrò, ó ku ogójì. Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀, ọjọ́ tí Olúwa jíǹde ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ti Aleluya mọ́lé, tí a kò ní kọ ọ́ títí di ọdún Àjíǹde.

Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Nínú òfin àtijọ́, gbogbo ọjọ́ ogójì náà ni ààwẹ̀. Ìyá mi, tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní ilẹ̀ Okun, máa ń sọ fún wa pé nígbà èwe òun, àwọn àgbà ìjọ kì í jẹun gidi ju ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ nínú Lẹ́ǹtì, wọ́n sì ń lọ oko. Ní oṣù Kejì ọdún 1966 ni Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà gbé ìwé kan jáde tó dín dandan náà kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ìdajì ìwé yẹn. A gbọ́ pé wọ́n ti dín ààwẹ̀ kù, a fò sókè, a kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Èyí tó kù ni pé níbi tí ọrọ̀ bá ti wà, kí ìrònúpìwàdà máa hàn nínú ìsẹ́ra-ẹni àti ìfẹ́ sí aláìní. Níbi tí ìyà bá ti ń jẹ àwọn èèyàn, kí wọ́n fi ìyà náà rúbọ nínú àdúrà, kí a sì máa wá ìdájọ́ òdodo fún wọn. Ibi méjèèjì wà ní Àbújá, kò sì ju òkè kan lọ láàárín wọn. Ẹ dúró ní Maitama àwọn olówó kí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí Mpape àwọn mẹ̀kúnnù.

Póòpù kò ta ààwẹ̀ ní gbàǹjo. Gbèsè yẹn ló gbé kúrò lórí ikùn, ó gbé e lé ọwọ́ àti ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́, òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Lára màlúù ni wọ́n ti bó o. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ẹran, kó lọ bi màlúù. Ẹyin kò ní wàhálà, wàrà kò ní wàhálà, ẹja kò ní wàhálà. Ìgbín, ẹ bi Fádà.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn gan-an ló wá gbé mi dé orí ọwọ́. Ẹ lọ sí ọjà Wuse ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú Lẹ́ǹtì, ẹ ó rí wa. Àrọ̀ ńlá, èyí tó ṣì ń jà nínú agbada omi, la máa ń ní kí wọ́n bá wa mú, kí ata ọ̀sán Ẹtì lè dùn. Owó ẹja yẹn ju owó ẹran ọ̀sẹ̀ kan lọ. A ti pa òfin mọ́, a kò jẹran! Mi ò bá ẹja jà o. Ní Èkó, àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wálé, máa ń se fùréjọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì Mímọ́: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi di ọ̀rá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ omi àgbọn, pẹ̀lú ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ rí, mo sì wá a títí ní Àbújá, mi ò rí i. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ ni pé ìyá tó sè é, inú abọ́ àwọn ará àdúgbò ló ti kọ́kọ́ bù ú, Mùsùlùmí àti Kristẹni, kó tó kan ti ilé rẹ̀. Àgbọn náà gbówó lórí o, ṣùgbọ́n ó jáde kúrò nínú ilé.

Àwọn Bàbá Ìjọ ayé àtijọ́ kò fi èyí ṣeré rárá. Wọ́n ní oúnjẹ tí o kò jẹ nítorí ààwẹ̀ ti ní olówó: ẹni tí kò rí jẹ ni. Bí o bá fi owó rẹ̀ pamọ́, ìfowópamọ́ lo ṣe, o kò gbààwẹ̀. Èmi máa ń rò ó báyìí: owó ọ̀sán Ẹtì tí mi ò ná kì í ṣe tèmi mọ́, ó kàn ń sùn lọ́dọ̀ mi ni. Ní àdúgbò tiwa, agolo mílíìkì kan là ń lò, a dá ihò sí ìdérí rẹ̀. Ó ń kún díẹ̀díẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ló ń mì í wò láràárọ̀.

Ẹ má bínú sí mi fún èyí tó kàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tiwa yìí, inú gbọ̀ngàn yìí náà, wákàtí kan ààbọ̀ la fi jiyàn lórí áńkárá tí a ó wọ lọ́dún Àjíǹde. Àwọ̀ kan kò tẹ́ àwọn ìyá lọ́rùn, òmíràn kò tẹ́ àwọn bàbá lọ́rùn. Èmi náà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ búlúù. Owó aṣọ ẹni mẹ́rin tó àpò ìrẹsì kan. Nígbà tó wá kan ìrìn àjò tí ìjọ fẹ́ rìn lọ bá àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi sọ ọ́, a ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Durumi kò jìnnà. Wassa kò jìnnà. Kuchingoro kò jìnnà. Àwọn èèyàn tí Boko Haram lé kúrò ní Borno àti Adamawa ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú ahéré níbẹ̀. Wọ́n ti bímọ níbẹ̀, ọmọ ti lọ ilé ìwé níbẹ̀. Àǹfààní kan wà tí a ní tí àwọn ará Èkó kò ní: ẹni tí wòlíì Aísáyà ní kí a bu oúnjẹ fún, tí ó ní ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn nìyẹn, owó ọkọ̀ kékeré ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ku ẹnu. Ibí yìí ló nira fún mi jù, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Ní ọdún 2000, Tudun Wada la ń gbé, èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì. Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Mùsùlùmí pa Kristẹni, Kristẹni pa Mùsùlùmí. Ẹni tó bá sọ ẹyọ kan níbẹ̀ fún yín, tí kò sọ ìkejì, kò tíì sọ̀tàn náà tán. Hajiya kan tó múlé gbè wá kó àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pamọ́ sínú yàrá tó ń kó àgbàdo sí, fún òru mẹ́ta. Bí àwọn kan bá kan ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ dá wọn lóhùn. Ọmọ mi obìnrin ń wúkọ́. Ó fi ìbòjú ara rẹ̀ bò ó lẹ́nu.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lọ jóná.

Ọjọ́rú Eérú ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì ilé ìwé kan la ti ṣe Mísà, lórí àga àwọn ọmọdé, eékún wa ń kan àgbọ̀n. Kó tó kan eérú, katikíìsì wa, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn nínú ìjọ, dìde, ó gbé ike kan wá síwájú. Eérú ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí pẹpẹ wa dúró sí tẹ́lẹ̀ ló ti lọ bù ú. Ó ní, "Fádà, eérú tiwa ọdún yìí rèé." Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Mo rò pé Fádà máa gbà á. Ká ní èmi ni, mo máa gbà á.

Fádà fi ọwọ́ méjèèjì gba ike náà, ó gbé e sí ìdí àgbélébùú. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú agolo Bournvita kan jáde. Imọ̀ Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ọdún tó ṣáájú ló sun sínú rẹ̀. Ó ní, "Èyí tí ẹlòmíràn sun, ẹkún la ó fi sun ún níwájú Ọlọ́run. A kò ní fi kun iwájú orí. Imọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ gbé lọ́wọ́, tí o fi kọ Hòsánà, kí o tó lọ ṣe ohun tí o lọ ṣe, òun ni eérú tìrẹ." Ó wá bẹ̀rẹ̀: rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́.

Inú bí mi sí i. Mo ní àlùfáà yìí kò mọ ohun tó ṣe wá. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Bí mo bá fi eérú ohun tí ọ̀tá sun kun iwájú orí, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tá ni mò ń gbé kiri ìgboro. Mo ti sọ ogójì ọjọ́ di ìgbà tí mo ń ka ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ọ̀kan-ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Kò sí ẹni tí irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa lẹ́bi. Ńṣe ló máa ń yó èèyàn.

Lẹ́yìn ìjà yẹn, odò Kàdúná di ààlà. Àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá rẹ̀, àwọn Kristẹni sí gúúsù. A kó kọjá odò lọ sí Sabon Tasha. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ibẹ̀, mi ò sì kọjá afárá lọ kí Hajiya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní ọ̀nà kò dára. Ọ̀nà dára. Gbogbo ènìyàn ni mo ń sọ fún pé Hausa sun ilé wa. Ẹni tó ti ẹnu mi gbọ́ pé Hausa kan ló gbà wá là kò pọ̀. Ẹnu mi yìí ni mo ń wí.

Nínú Lẹ́ǹtì ọdún 2008 ni mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi bo àárín àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké, Fádà dá mi dúró lórí rẹ̀. Kò ní kí n ka àdúrà kankan. Ó ní kí n kọjá afárá. Mo lọ ní ọ̀sán Ẹtì kan. Hajiya ti di arúgbó, kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Nígbà tó dá mi mọ̀, ọmọ tó ń wúkọ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gbé tuwo wá síwájú mi pẹ̀lú ẹran tó pọ̀. Mo ń wò ó, mò ń rò ó: ṣé kí n jẹ ẹ́, àbí kí n kọ oúnjẹ ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra tèmi? Kí n tó pinnu, ó kígbe pe ọmọ-ọmọ rẹ̀: "Yau Jumma'a ce, ba kwa cin nama." Òní Jímọ̀, ẹ̀yin kì í jẹran. Ó ní kí wọ́n gbé ẹran kúrò, kí wọ́n lọ din ẹyin wá. Ọdún mẹ́jọ, ó ṣì ń rántí ọjọ́ ààwẹ̀ wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé ìgbà tiyín yàtọ̀, pé nǹkan ti burú ju ìgbà yẹn lọ. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ọjọ́rú Eérú ọdún yìí gan-an, ọjọ́ tí èmi àti mẹ́gáàdì ń sọ̀rọ̀ omi, ni wọ́n pa Fádà Sylvester Okechukwu. Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wọ ilé rẹ̀ ní Tachira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaura ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, nínú díósíìsì Kafanchan, wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ tó yẹ kó fi eérú kun iwájú orí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ni wọ́n pa á. Fádà Isaac Achi ló wà ní Madalla, lẹ́nu ìloro Àbújá níbí, lọ́jọ́ Kérésìmesì 2011 tí bọ́ǹbù bú ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Theresa. Ó yè é. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n dáná sun ún mọ́lé ní Kafin Koro. Ní Ọjọ́rú Eérú 2020, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní kí gbogbo wa wọ aṣọ dúdú, ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn fi ẹsẹ̀ rìn ní títì Àbújá. Mo wà lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn, bàtà mi já lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi pé ìdáríjì túmọ̀ sí kí ọlọ́pàá máa sùn. Ẹnu tó ń gbààwẹ̀ gbọ́dọ̀ ké. Òní ló pé ọdún 27 tí Póòpù John Paul Kejì kéde Fádà Tansi, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Igbo, ní Ẹni Ìbùkún ní Oba lẹ́bàá Onitsha. Ọ̀la ló pé ọdún 27 tó ṣe Mísà fún wa ní Kubwa. Inú Lẹ́ǹtì ló bọ́ sí. Abacha ló wà lórí àga nígbà yẹn, àwọn tí ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ nílùú. Àlejò náà la ẹnu, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Ìhìn Rere tí a ó gbọ́ lọ́la wà nínú Lúùkù orí 13. Àwọn kan wá sọ ìròyìn fún Jésù: Pílátù pa àwọn ará Gálílì níbi tí wọ́n ti ń rúbọ, ẹ̀jẹ̀ wọn dà pọ̀ mọ́ ẹbọ wọn. Ìròyìn Kafanchan ni, orúkọ ìlú ló yàtọ̀. Mo rò pé wọ́n ń retí kó ṣépè fún Pílátù, èmi náà ì bá retí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba àwọn tó kú sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnu àwọn èèyàn: wọn kò dẹ́ṣẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó mú ìròyìn wá, ó ní ẹ̀yin ńkọ́? Agolo Bournvita nìyẹn. Ó wá pa òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so fún ọdún mẹ́ta. Olóko ní kí wọ́n gé e. Òṣìṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un: ọdún kan sí i, kí n tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí n fi ìlẹ̀dú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ oko rí, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń tú ilẹ̀ ìdí igi, ọkọ́ máa ń kan gbòǹgbò. Ìlẹ̀dú náà sì ń rùn. Ibi tí Lẹ́ǹtì wa ti gbọ́dọ̀ wúwo nìyẹn.

Nípa ìjẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan péré. Àwọn ìyá wa kan ní àwọn ò lè jẹ́wọ́ ní Àbújá torí pé Fádà jẹ́ Tiv tàbí Igbo, kò gbọ́ Yorùbá. Òfin Ìjọ gbà yín láyè láti lo ògbufọ̀, àṣírí náà sì de ògbufọ̀ bó ṣe de àlùfáà. Ẹ kàn má mú ìyàwó ọmọ yín lọ ṣe é.

Mo jókòó níbẹ̀. Alága ní kí àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè. Bàbá kan béèrè ìgbín. Fádà ní kó máa jẹ ẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìyá kan dìde láti ìlà tó kẹ́yìn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mararaba ló ti wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ sọ pé ààwẹ̀ yìí fúyẹ́ nínú ikùn. Nínú ilé mi, ẹ̀ẹ̀kan la ti ń jẹun lójúmọ́ láti ìparí ọdún tó kọjá. Ṣé ààwẹ̀ nìyẹn, àbí kò kà?"

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo dìde, mi ò sì tètè rí ohun tí mo máa sọ, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, "wa" tí mò ń pè kò kan òun. Mo sọ fún un pé ebi kì í ṣe ààwẹ̀, pé kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè oúnjẹ kankan, pé ohun tó bá rí ní ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, kó jẹ ẹ́, kó fún àwọn ọmọ náà.

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Katikíìsì ti sọ fún mi. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó wà níwájú gbọ́ ni."

Ó jókòó. Ìyá ààrẹ CWO dìde lọ jókòó tì í, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Aago méje ti lù, àwọn akọrin wọlé pẹ̀lú ìlù wọn láti fi orin Àjíǹde dánra wò. Ooru mú, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí Aleluya má baà jáde síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.